Ìyá Onítáyà Kọ "Kò Sí"

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ìyá Onítáyà, ẹ gbé táyà lọ bá a kí ẹ sì sọ fún un pé kò jò. Á wò yín láti òkè délẹ̀. Á tú táyà náà, á fa tíúbù rẹ̀ yọ bí ẹni ń fa ìfun ẹran, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ààbọ̀ àgbá tó pọn omi kún. Kò ní tẹ gbogbo rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yí i, apá kan lẹ́yìn apá kan, ojú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ omi bí ojú ológbò lẹ́nu ihò eku. Bí omi bá ti ń sọ bulú-bulú níbì kan, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, á wá gbójú sókè.

"Ó yá, ẹ dá ẹjọ́ náà. Ta ló ń purọ́ nínú ẹ̀yin àti omi?"

Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń fi ìbéèrè yìí dójú ti àwọn awakọ̀. Baba rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí baba kú, ojú gbogbo ẹbí wà lára àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n àbúrò ní ẹ́ńjìnnì ni òun fẹ́ràn, òun kò lè fi gbogbo ayé òun wá ihò kiri. Bí obìnrin ṣe jókòó ti táyà nìyẹn. Àwọn awakọ̀ a dé, wọn a máa na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀: "Màmá, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ńkọ́?" Ìyá a ní, "Ó wà nínú tíúbù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ kí i." Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, òun ló máa bá a gbé jáàkì.

Àbúrò náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mẹkáníìkì, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, páànù kan ló wà láàárín wọn. Ìkòkò ẹ̀gbọ́n ló ti ń jẹun, ìjókòó ẹ̀gbọ́n ló ń jókòó sí, ìjà ẹ̀gbọ́n ló ń bá a jà láràárọ̀. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí wọn kò pariwo mọ́ra wọn, àwọn oníbàárà á máa béèrè bóyá ara ẹnì kan kò yá.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ni odò wà. Odò ńlá kọ́. Ọmọdé tó bá ká ṣòkòtò sókè lè là á kọjá. Ó ń ti abẹ́ afárá bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó gba ẹ̀yìn Ìyá Onítáyà, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń gbin ẹ̀fọ́. Etí odò yìí ni Olùkọ́ Onígíláàsì ti kó gbogbo àdúgbò sí wàhálà.

Olùkọ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí ni. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun abẹ̀mí, gíláàsì ojú rẹ̀ sì tóbi débi pé bó bá wọlé, gíláàsì ló ń kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ó pe àwọn tó ń gbé létí odò jọ sí kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ka lámilámi," ni ó wí.

Ẹ̀rín sọ. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Lámilámi? Èyí tó ń fi ìdí kan omi? Olùkọ́, ṣé orí tí mò ń fá kò tíì tó mi í kà ni?"

"Ẹ gbọ́ mi ná, sà. Abẹ́ omi ni ọmọ lámilámi ń gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yọ ìyẹ́. Bí ohun búburú bá wọ omi, ibẹ̀ ló máa kú sí, a ò ní rí i kó fò. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ omi wò. Lámilámi ni ẹ̀rọ tiwa. Bí wọ́n bá pọ̀, omi dára. Bí wọ́n bá lọ, omi ń bá wa sọ̀rọ̀ ni."

Ìyá Onítáyà, tó ti ń tòògbé lẹ́yìn, jí pẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yé e. Bulú-bulú inú àgbá ni ọmọ yìí ń sọ.

Òfin kíkà kò pọ̀. Ènìyàn márùn-ún, ibi márùn-ún. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù ní Ọjọ́bọ̀, kí oníkálukú dúró sí ibi tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má ṣípò. Ohun tí ojú ara ẹni bá rí nìkan ni kó kà. Ohun tí ẹlòmíràn rí, tẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn náà kó lọ kọ iye rẹ̀ sórí pátákó dúdú tó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́.

"Bí ẹ ò bá rí ìkankan," ni Olùkọ́ fi parí ọ̀rọ̀, "ẹ kọ 'kò sí'. Kò sí náà, ìròyìn ni."

Ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára ògiri lójú ọ̀sán? Àwọn ènìyàn tí iyọ̀ bá tán nílé wọn, tí wọ́n á ní ó ti pọ̀ sí i! Àwọn tí àpò wọn gbẹ, tí wọ́n á ní owó ń bọ̀! Ẹnu wọn kò gba kò sí, ọwọ́ wọn wá lè gbà á? Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó rí kọ iye tó rí. Ẹni tí kò rí wo ohun tí aládùúgbò kọ, ó sì kọ irú rẹ̀, pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Kò ka ara rẹ̀ sí òpùrọ́. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì gbàdúrà ni.

Afárá, méjìlá. Ilé ẹ̀kọ́, mẹ́rìnlá. Onígbàjámọ̀, mọ́kànlá. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, méjìlá. Àárín wọn, ní lẹ́tà gàdàgbà bí èyí tó fi ń sàmì sára táyà: Ìyá Onítáyà, KÒ SÍ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí. Ìkẹta, kò sí. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ ní Ìyá Kò-sí, Onígbàjámọ̀ sì ń bi í bóyá kí òun bá a gé ìpéǹpéjú kó lè ríran.

"Gé tìẹ," ni Ìyá dá a lóhùn. "Mọ́kànlá lo ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Alága Àdúgbò wá bá a ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ikùn Alága ló máa ń kọ́kọ́ dé, fáìlì abẹ́ apá rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dé kẹ́yìn. Ó jókòó sórí táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Onítáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ nǹkan sórí pátákó yẹn. Ẹ̀ báà jẹ́ méjì."

"Méjì wo? Ṣé mo ka méjì ni?"

"Ẹ ò ní kà á. Ẹ kàn máa kọ ọ́ ni."

"Alága, bí mo bá dá táyà yín padà, tí mo ní kò níhò torí mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́, ibo lẹ máa wà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín lọ́nà?"

"Táyà kọ́ là ń sọ!"

"Táyà là ń sọ, sà."

Alága ṣí fáìlì. Lẹ́tà wà níbẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba. Olùkọ́ ti fi ohun tó wà lórí pátákó ránṣẹ́ sí wọn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní bó bá hàn pé odò ti bàjẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó fa ìbàjẹ́ náà á kó kúrò létí omi, wọ́n á lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá.

"Ta ló sún mọ́ omi jù?" Alága rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Ọdún méjìlélógún! Ẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì lé ara yín kúrò nídìí iṣẹ́ baba yín? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o."

Ìyá Onítáyà wo àgbá omi rẹ̀. Ó wo ìṣó tí baba rẹ̀ kàn sára òpó, níbi tó máa ń fi fìlà kọ́ sí. Kò fẹ́ lọ síbì kankan.

"Mo gbọ́, sà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò rí méjì."

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì sápò, ó gbé aago rẹ̀ tí kò ní dígí lójú dání. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ tíúbù. Bí tíúbù bá ń jò, apá kan lẹ́yìn apá kan ni à á yí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ afárá, ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lámilámi kún ibẹ̀, pupa, búlúù, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹni ti ọwọ́ bọ èédú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára òkúta. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pọ̀. Ẹ̀yìn onígbàjámọ̀, ó ka mọ́kànlá gan-an, inú bí i pé ọkùnrin náà kò purọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sí. Ó kọjá lọ síbi ẹ̀fọ́. Kò sí níbẹ̀ náà, méjìlá tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń kọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àdúrà ni.

Ihò náà wà láàárín onígbàjámọ̀ àti òun. Ó rìn padà pẹ̀lú ojú nílẹ̀. Kò pẹ́ tó rí i. Gọ́tà kékeré kan tí koríko ti bò ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn páànù, omi ibẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè. Ọ́ìlì ọkọ̀. Mẹkáníìkì ń tú ọ́ìlì àlòkù sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì ń wọ gọ́tà, gọ́tà ń wọ odò.

Èyí tó wá dùn ún jù ni gọ́tà náà. Òun ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ní ọdún méje sẹ́yìn, kí omi àgbá rẹ̀ lè ráyè lọ. Ó tiẹ̀ fi ṣọ́bìrì yangàn fún àbúrò rẹ̀ nígbà yẹn pé ọwọ́ obìnrin le.

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù àbúrò. Ẹsẹ̀ méjì ló rí tó yọ lábẹ́ ọkọ̀.

"Jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń tú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́."

"Jáde kí n tó gbé táyà lé ọ lórí. Ọ́ìlì tó o bá tú, ibo lo ń dà á sí?"

Mẹkáníìkì wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ẹ̀yìn. Ibi tí gbogbo mẹkáníìkì ń dà á sí. Kí ló dé?"

"O ti ń pa lámilámi mi láti ọdún méje."

"Lámilámi yín? Láti ìgbà wo lẹ ti ń sin lámilámi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. "Ẹ máa wò ó. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

"Ẹni bá da ọ́ìlì síwájú ńkọ́? Ṣé ìdí rẹ̀ kọ́ ló máa kanlẹ̀?"

"Ẹ ò ní kọ ìyẹn sórí pátákó o. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á lé wa, èmi àti ẹ̀yin. Ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ lé!"

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ni Ìyá Onítáyà wí. "Tèmi ló ṣáájú, torí èmi ni mo gbẹ́ ọ̀nà fún un. Ihò tí mo bá rí, mi ò lè ní mi ò rí i. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa tún gbé táyà wá bá mi mọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ́. KÒ SÍ. Ọ́ÌLÌ Ń TI Ẹ̀YÌN ṢỌ́Ọ̀BÙ WA WỌ ODÒ. ÈMI NI MO GBẸ́ GỌ́TÀ NÁÀ. Ó gba ìlà mẹ́ta, ó tún gba díẹ̀ nínú ààyè Onígbàjámọ̀. Alága dé, ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Aláyẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì ìjọba: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo gọ́tà, ó wo Mẹkáníìkì, ó wo Ìyá Onítáyà pẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Nípa ara yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ fún mi ní ìdí tí mi ò fi ní lé yín lónìí."

"Mi ò bẹ̀ yín," ni Ìyá wí. Mẹkáníìkì fẹ́ bo ojú. "Ẹ lè lé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọ́pò wa níbí, ṣé ó máa sọ ibi tí ihò wà fún yín? Ẹ jẹ́ ká dí i. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá wò ó."

Aláyẹ̀wò pa ìwé rẹ̀ dé. "Oṣù mẹ́ta. Pátákó yín ni mo máa kà. Bí lámilámi bá ti ń padà, ẹ dúró. Bí wọn ò bá padà, ẹ kó lọ."

Wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ńtì dí gọ́tà lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì wá àgbá mẹ́ta fún ọ́ìlì àlòkù, ọkọ̀ kan sì ń wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ di tuntun. Wọ́n gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú kúrò létí omi pẹ̀lú ọwọ́, Onígbàjámọ̀ náà bá wọn gbẹ́ ẹ, ó ní eruku rẹ̀ ló ń bọ́ sórí àwọn oníbàárà òun. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ sídìí pátákó ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi etí aṣọ nu méjìlá rẹ̀, ó kọ kò sí, ó sì dúró síbẹ̀ títí di ìgbà tí gbogbo ẹni tó ń kọjá fi rí i.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ìyá Onítáyà ń dúró, aago lọ́wọ́. Kò sí. Òjò rọ̀, odò kún, odò fà. Kò sí. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló kọ ọ́. Mẹkáníìkì kì í pariwo mọ́ láràárọ̀, èyí sì ń ba Ìyá lẹ́rù ju lẹ́tà ìjọba lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ni Aláyẹ̀wò máa padà, ní Ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú, bí Ìyá ṣe ń da omi àgbá sórí iyanrìn, lámilámi pupa kan bà sórí koríko létí odò. Ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó ń wò bóyá ilé ti mọ́. Mẹkáníìkì rí i. Onígbàjámọ̀ rí i, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń fá lórí náà rí i pẹ̀lú ìlàjì orí. Ariwo ta. Alága sáré dé, ikùn rẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ kọ ọ́! Ìyá Onítáyà, ẹ lọ kọ ọ́ kíákíá!"

"Ọjọ́rú lòní," ni Ìyá wí. "Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ mi."

"Ẹ rí i! Gbogbo wa la rí i!"

"Mo rí i. Mo kí i pé kú àbọ̀. Ẹ sọ fún un kó padà wá lọ́la, ní agogo méjìlá."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Omi ti lé sójú Mẹkáníìkì. "Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo?"

"Nítorí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bí mo bá fi èyí purọ́, ta ló máa gba ìyókù gbọ́?"

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Onítáyà we síkáàfù pupa, ó gbé aago sórí òkúta, ó dojú kọ omi. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí. Méje, kò sí. Mẹ́jọ. Bó ṣe di mẹ́sàn-án, lámilámi náà fò wá láti ẹ̀yìn, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bà sórí síkáàfù Ìyá Onítáyà, ní àárín gbùngbùn orí.

Gbogbo wọn rí i, àfi òun. Alága la ẹnu, Olùkọ́ Onígíláàsì sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ohun tí ẹlòmíràn rí, tẹlòmíràn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, Ìyá kò ní kà á. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń ja ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa tọ̀. Aago ń lọ.

Mẹkáníìkì ló yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára mọ́tò oníbàárà. Ó gba etí omi yọ sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọnú odò dé orúnkún tòun ti bàtà, ó gbé dígí náà sókè.

Ìyá Onítáyà wo dígí. Ó rí ojú ara rẹ̀. Ó rí síkáàfù. Ó rí ohun tó bà sórí rẹ̀.

"Olùkọ́," ni ó pè, láìmi orí. "Ṣé dígí wà nínú òfin?"

"Ojú ta ló wà nínú dígí náà, mà?"

"Tèmi."

"Ẹ kà á."

Ọjọ́ kejì, Aláyẹ̀wò dúró níwájú pátákó, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò sí méjìlá ti oṣù mẹ́ta náà, ó wá dé ìlà ìgbẹ̀yìn: ẸYỌ KAN. PUPA. INÚ DÍGÍ NI MO TI RÍ I. Ó yíjú sápá kan fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó ti mú bíírò jáde, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onítáyà lọ.

"Wọ́n ti ń padà. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má sì ṣíwọ́ kíkà."

Alága fò sókè tòun tikùn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n pọ̀, mà! Wọ́n pọ̀ bí yanrìn, wọ́n kún gbogbo odò!"

Ìyá Onítáyà kò gbójú kúrò lára tíúbù tó ń yí nínú àgbá.

"Ẹyọ kan ni," ó wí.